Páúdà Ìyàwó Mi Lórí Ẹ́ńjìnì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan fún yín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa. N kò lè sọ ọ́ nígbà náà.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi. Ti Fọlákẹ́, ìyàwó mi, ni. Òun ló máa ń wà á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí àwa méjèèjì ti ń ṣe tíṣà, èmi a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹrù. Nígbà tí Fọlákẹ́ kú, mo gbé ọkọ̀ náà sínú àgbàlá wa n'Ílaròó. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ń gbé e lọ. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, èkejì wà lọ́wọ́ Ṣẹ́gun, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Fọlákẹ́ ló fún un nígbà ayé rẹ̀, n kò sì gbà á padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí àbàwọ́n dúdú lábẹ́ ọkọ̀ náà. Mo fi ìka kàn án. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, mo nù ún, mo tún tì í bọ̀ ọ́. Ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Ṣé ọkọ̀ tí kì í lọ ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ ló yẹ kó máa jò báyìí?

Màmá Kúdí, aládùúgbò wa tí kò sí ohun tó ń kọjá tí kì í rí, ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó dá ìgbálẹ̀ dúró.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti rẹ ọkọ̀ yín ni?”

“Kí ló máa rẹ̀ ẹ́? Kì í lọ síbì kankan.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ẹ mọ̀ pé Ṣẹ́gun gbé e jáde nígbà tẹ́ ẹ lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀nà Ayétòrò ló dorí kọ. Nígbà tí mo máa fi rí i ní oríta ní ìrọ̀lẹ́, ìdí ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.”

“Kanlẹ̀ báwo?”

“Tíṣà, èmi ò sọ nǹkan kan o. Ilẹ̀ tèmi ni mò ń gbá.”

Ẹni tó bá gbé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ. Ọkọ̀ kékeré tí ìdí rẹ̀ kanlẹ̀, ìrẹsì fàyàwọ́ ló rù. Àwọn aṣọ́bodè kò ní í wo ojú awakọ̀ rárá, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń wò. Inú igbó sì ni àwọn onífàyàwọ́ ń gbà, níbi tí kùkùté ti ń lu sọ́m̀pù, ìyẹn àwo irin tó gba ọ́ìlì dúró nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Kí ló tún kù tí n kò mọ̀?

Mo ṣí bùùtù. Ó mọ́ tónítóní, ó tilẹ̀ mọ́ jù. Mo ká ẹní rọ́bà inú rẹ̀ sókè. Hóró ìrẹsì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣa ọ̀kan, mo fi sínú àpamọ́wọ́ mi, mo sì dá ẹní náà padà bó ṣe wà.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò pe Ṣẹ́gun kí n bi í. Àna mi ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹnu ọkọ kọ́ ni irú ìbéèrè yẹn ti ń jáde sí ará ilé ìyàwó rẹ̀, àgbà ẹbí lèèyàn ń gbé e lọ bá. Ìsìn ìrántí ọdún kan Fọlákẹ́ sì ń bọ̀ ní Sátidé, ní Imaṣàyí, ìlú bàbá rẹ̀, lọ́nà Ayétòrò. Mo pinnu pé lẹ́yìn ìsìn, màá sọ ọ́ fún Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wọn, màá sì gba kọ́kọ́rọ́ mi.

Mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Èmi àti Fọlákẹ́ kò bímọ. Nínú gbogbo ẹbí yẹn, Ṣẹ́gun nìkan ló ṣì ń wá kí mi. Bí mo bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lójú àgbà, kò tún ní í wọ ilé mi mọ́. Ta ni yóò wá máa jókòó nínú pálọ̀ mi tí yóò máa sọ pé “Àǹtí mi”?

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí ojú ibi tí kùkùté ti lu ọkọ̀ náà kí n tó sọ̀rọ̀. N kò gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí kí ọjọ́ náà tó rọ̀, gbogbo Ìlaròó ì bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ olóògbé ń ṣe fàyàwọ́. Mo fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀, mo fi ìtì igi tó nípọn tì í (ẹ má dùbúlẹ̀ sábẹ́ jáàkì nìkan, mo bẹ̀ yín), mo sì wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọ́ìlì àti eruku pupa ti pò pọ̀, n kò mọ ibi tí ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo fi omi ọṣẹ ṣàn án, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo wá ń fi ọwọ́ pa sọ́m̀pù náà bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé. Kò tẹ̀, kò sán, kùkùté kankan kò ha á. Ṣé ẹ ó gbà gbọ́ pé inú bí mi?

Níbo wá ni ọ́ìlì ti ń jáde? Mo mọ̀ pé bí a bá da ohun funfun tó kúnná sára irin tó ti mọ́, tí a sì tan ẹ́ńjìnì, ibi tí ọ́ìlì bá gbà yóò fi ara rẹ̀ hàn. Mo wá ẹ̀lùbọ́ láfún ní ilé ìdáná, kò sí. Ohun funfun kan ṣoṣo tó wà nínú ilé mi ni páúdà Fọlákẹ́, lórí tábìlì níwájú dígí. N kò tíì fọwọ́ kan agolo náà láti ìgbà tó ti lọ. Mo dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo mú un.

Mo da páúdà náà sára ẹ́ńjìnì láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì tan án. Bí irin ṣe ń gbóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Màmá Kúdí jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wọlé.

Nígbà tí mo pa á tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo rí ilà tínrín kan tó ti dúdú nínú páúdà náà. Òkè ló ti wá, lábẹ́ ìdérí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Ó gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ó ṣàn dé sọ́m̀pù, ibẹ̀ ló ti ń kán sílẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, mo ṣí ìdérí náà. Gáskẹ́ẹ̀tì tó yí i ká, tó yẹ kó rọ̀ bíi rọ́bà, ti gan, ó ń ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ ogbó ló pa á, kì í ṣe kùkùté.

Mo ra tuntun, mo ha ojú irin náà mọ́, mo tò ó sí i. Mo rọra ń di àwọn nọ́ọ̀tù rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, nítorí bí èèyàn bá fi agbára dì í, yóò tún máa jò. Mo tún da páúdà díẹ̀ sí i, n kò sì fọ̀ ọ́ kúrò, kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà Imaṣàyí.

Ọ́ìlì ti dá Ṣẹ́gun láre. Ìrẹsì kò tíì dá a láre.

Ní Sátidé, ó dé pẹ̀lú aṣọ funfun. “Ẹ káàárọ̀, Bùọ̀dá.” Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa èémí sínú, ó sì wò mí. Mo wà á, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kí a tó dé Imaṣàyí, àwọn aṣọ́bodè dá wa dúró. Ọ̀kan ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Bàbá, kí lẹ dà síbí?”

“Páúdà ni.”

“Páúdà? Ẹ́ńjìnì yín ń lọ síbi ìgbéyàwó ni?”

Èkejì fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Kí n tó ṣàlàyé, Ṣẹ́gun ti sọ̀ kalẹ̀.

“Ọ̀gá, páúdà àǹtí mi ni. Òun ló ni ọkọ̀. Ìrántí rẹ̀ là ń lọ.”

Ọkùnrin náà ní a kú ọ̀fọ̀. Ó sì ní kí a ṣí bùùtù. Ó ká ẹní sókè.

“Ìrẹsì ti wọ ibí yìí.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo dákẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí Ṣẹ́gun máa sọ.

“Ó wọ ibẹ̀,” ó ní. “Èmi ni mo kó o. Ìrẹsì oko wa ni, mo kó o láti Imaṣàyí lọ síbi tí wọ́n ti ń bó o n'Ílaròó. Òun là ń lọ jẹ lónìí.”

“Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́.”

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ mi wọ àpò, mo sì fa àpamọ́wọ́ mi yọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣa hóró náà, n kò tíì wò ó dáadáa. Mo fi hàn án.

“Ọ̀gá, ẹ wo èyí. Inú bùùtù yìí ni mo ti ṣà á. Ó ṣì wà nínú èèpo. Ta ló ń kó ìrẹsì tí wọn kò tíì bó wọlé láti òkè bọ́dà?”

Ó gbà á, ó fi èékánná fọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ máa lọ, Bàbá.”

A wọ ọkọ̀. A rìn díẹ̀ kí Ṣẹ́gun tó sọ̀rọ̀.

“Bùọ̀dá, láti ìgbà wo ni hóró yẹn ti wà lápò yín?”

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà.

“Màmá wa ló ní kí n má sọ. Ó ní oúnjẹ ìrántí Àǹtí, ọwọ́ tiwa ni kó ti wá, kẹ́ ẹ má bàa máa wá ìrẹsì kiri nírú àkókò yìí.” Ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó gbé e síwájú dígí ọkọ̀, láàárín àwa méjèèjì. Ibẹ̀ ló wà títí a fi dé.

A ṣe ìsìn. Mo jẹ ìrẹsì náà. Bàbá Àgbà bi mí bóyá ọ̀rọ̀ kan wà, mo ní kò sí. Nígbà tí a ń padà, mo mú kọ́kọ́rọ́ yẹn, mo fi lé Ṣẹ́gun lọ́wọ́, mo ní kó máa wà wá lọ. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹrù, òórùn páúdà sì ń bá wa bọ̀ títí dé Ìlaròó. Ọkọ̀ náà kò jò mọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: ibi tí ẹ ti rí ọ́ìlì nílẹ̀ kọ́ ló ti jáde. Ẹ fọ ẹ́ńjìnì náà mọ́ ná, kí ẹ wò ó láti òkè, kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fura sí rí, tí ẹ̀rí ọwọ́ yín fúnra rẹ̀ wá dá a láre? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mò ń kà wọ́n, bí n kò tilẹ̀ tètè dáhùn.