Ìbọn Afẹ́fẹ́ Bàbá Wa

Inú ṣì ń bí mi. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí bàbá wa fi ń pa ẹyẹ lóko ti kú pátápátá kí n tó tún un ṣe. Mo ha ìpẹtà inú ẹ̀, mo pààrọ̀ sípíríǹgì, mo gé awọ màlúù tuntun tó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́nú ẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹ̀gbọ́n mi gbé e fáwọn àlejò, wọ́n sì ń yìn ín láìfi ọta sí i, torí ariwo lásán.

“Ẹ̀gbọ́n mi, tí ò bá sí ọta níbẹ̀, sípíríǹgì ẹ̀ máa já.”

“Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní ìbọn bàbá mi?”

Kò pẹ́, ó já. Ó ní mi ò tún un ṣe dáadáa ni. Níwájú àlejò, èmi ni mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, torí òun ni wọ́n kọ́kọ́ bí.