Oògùn Ẹ̀fọn Tó Dà sí Sàbírátù Lára

Ìyá Sàbírátù ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì, ṣùgbọ́n Màmúdù, ọkọ Sàbírátù, tó ń ta aṣọ ní ọjà Race Course, rí ìwé ìgbélùú gbà, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì dúró sí Kumasi. Ohun tó ká Sàbírátù lára jù ni pé kò tíì bí. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí kó tó di pé, lọ́dún 1972, oṣù rẹ̀ dúró. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń bẹ̀rù kí ẹnu má ba ohun rere jẹ́.

Ilé ìwádìí kan ní àdúgbò Ayigya ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀fọn ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ ẹ̀fọn bá ṣì wà nínú omi, tí kò tíì hu ìyẹ́, Sàbírátù àti Esi, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, á ṣa akọ sọ́tọ̀, nítorí abo máa ń tóbi jù ú lọ. Wọ́n á wá rẹ akọ sínú oògùn tó ń pa àtọ̀. Bí ó bá hu ìyẹ́ tán, wọ́n á kó o pọ̀ mọ́ akọ tí kò fara kan oògùn nínú àgò kan, wọ́n á sì tú abo sí wọn láàárín. Ohun tí Dókítà Kwaku, ọ̀gá wọn, fẹ́ mọ̀ ni bóyá akọ olóògùn lè bá akọ yòókù du abo. Abo tó bá gbà fún akọ olóògùn, ẹyin rẹ̀ kò ní pa, ẹ̀fọn á sì máa dínkù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, abọ́ oògùn yọ̀ lọ́wọ́ Sàbírátù. Ó dà sí i láyà, ó ṣàn dé ikùn.

"Agyei! Bọ́ aṣọ yẹn!" Esi kígbe, ó fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Ó fi ọṣẹ fọ ara títí awọ fi ń ta á. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kó wo ẹyin inú àgò tuntun. Ẹyin dúdú wínníwínní kún orí bébà tútù, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò pa. Akọ olóògùn ti borí. Inú gbogbo ilé ń dùn. Òun nìkan ló dúró tó fọwọ́ di ikùn mú.

Ó lọ bá Dókítà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé oògùn yìí lè ṣe aboyún ní nǹkan?"

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Ṣé ìwọ ni? Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Mo mọ ohun tó ń ṣe fún ẹ̀fọn. Ti ènìyàn, mi ò mọ̀. Má wọ yàrá yẹn mọ́."

Sàbírátù ì bá fẹ́ kó parọ́.

Ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Nígbà tó sọ tán, Màmúdù jókòó lórí ìdì aṣọ.

"Ẹ bínú sí mi ni?"

"Inú kọ́ ló ń bí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má padà síbẹ̀ mọ́."

Kò padà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá yí nínú rẹ̀ láàárọ̀, kì í jẹun títí ọmọ á fi yí. Nígbà tó bí i, obìnrin ni, ó kéré, igbe rẹ̀ sì dún dáadáa. Sàbírátù tú u wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún yí i dà.

"Kí lò ń wá?" agbẹ̀bí bi í.

Sàbírátù ń ka ìka ọmọ náà.

Hàjàrá ni wọ́n sọ ọmọ náà. Kò pẹ́ tó fi ń jókòó, tó ń rá. Nígbà tí Màmúdù wá sọ̀rọ̀ ọmọ kejì, ìyàwó rẹ̀ ní kó ní sùúrù, kí òun kọ́kọ́ rí i pé èyí rìn.