Ohun Tí Mo Ní Ẹ̀mí Sọ Fún Mi

Ìyá Ìjọ ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọjọ́ Ìsinmi láì bi mí. Kí ló fẹ́ bi mí sí? Gbogbo ìjọ ló ti gbọ́ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ní kí n sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò tó lọ dojú dé.

Olùkọ́ ni mí ní Èmùré, Ìkéré ni mò ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti jókòó síwájú takisí ní gáréèjì nígbà tí wọ́n pè mí láti ilé ìwé pé àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀. Yéè! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò tíì kọ nóòtì ẹ̀kọ́ mi. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sílẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi ọkùnrin kan, tí a jọ ń kọ́mọ, tí a tún jọ ń lọ sí ìjọ kan náà, dúró ti mọ́tò, ó ń wá àyè. Ó ní, "Àǹtí, ulé lẹ tún ń padà sí ni?" Ojú tì mí láti sọ òótọ́. Mo ní, "Ẹ̀mí ò gbà mí láàyè láti lọ lónìí." Ó ní, "Ẹ tẹ̀lé E o, Àǹtí." Ló bá wọlé, ó jókòó sí àyè mi. Nóòtì tiẹ̀ pé, Sátidé ló máa ń kọ ọ́.

Táyà bẹ́ kí wọ́n tó wọ Èmùré, mọ́tò gbókìtì wọ oko kòkó. Àwọn ará ẹ̀yìn fara bó. Òun ni ìbàdí rẹ̀ fọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán síbi méjì. Dókítà ò lè sọ bóyá yóò tún rìn.

Àwọn èèyàn ń sọ pé, "Ọlọ́run fẹ́ràn yín." Mo ń ṣe àmín. Àmín kẹ̀! Ṣé Ọlọ́run ò fẹ́ràn ẹni tó kọ nóòtì tiẹ̀ ni? Inú ń bí mi sí wọn, ó sì ń bí mi sí ara mi jù. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi Ọlọ́run bojú. Bí mi ò bá fẹ́ lọ síbi òkú, màá ní Ẹ̀mí ò rán mi. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mi ò mọ ohùn Rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi mọ́, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà mí gan-an.

Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún. Ó ní, "Ọlọ́run lè gba ọ̀nà yẹn náà yọ ẹ́. Jẹ́rìí ẹ, kí o jókòó." Ó rọrùn fún un láti sọ. Ìyàwó ẹlẹgbẹ́ mi yẹn ni yóò jókòó níwájú mi.

Wọ́n pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi, halelúyà sọ. Mo di máìkì mú. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀mí ò bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn olùbẹ̀wò ni mò ń sá fún. Irọ́ ni mo pa." Ìyá Ìjọ gba máìkì, ó dá orin.

Ìyàwó ẹlẹgbẹ́ mi bá mi lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Ó ní, "Àǹtí, bí wọ́n bá ń wẹ ojú egbò rẹ̀ láràárọ̀, tó bá ń ké, ohun tó máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ni pé Ọlọ́run ń bẹ, Ó bá yín sọ̀rọ̀ lójú òun, Yóò bá òun náà sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ báyìí. Kí ni kí n sọ fún un?"