Ìkòkò Aró Tí Màmá Mi Dà Nù

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé, ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, màmá mi ń ṣe iṣẹ́ aró ní Ìjemọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra aró inú agolo, ẹ ò lè mọ bí aró eléwé ṣe ń dààmú ènìyàn. Ẹ ó rẹ ewé elú sínú omi eérú, ẹ ó dúró lọ́jọ́ púpọ̀, ó lè mú aṣọ, ó sì lè kọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ìyá ìjọ wa kó aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ nígbà ìkórè fún un kó rẹ ẹ́ láró. Ìkòkò àkọ́kọ́ kọ̀. Èkejì kọ̀. Ẹ̀kẹta kàn ń rùn lásán ni. Àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ta ló ń ṣe iṣẹ́ aró tí kì í bọ Ìyá Màpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ náà? Wọ́n ní àwọn onígbàgbọ́ mìíràn ń fi obì bọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Màmá mi ní òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn. Èmi ni ara mi kò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo lọ wo ìkòkò, mo tún padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò kó aṣọ wọn fún ẹlòmíràn.

Ìyá arúgbó aláró kan wà lẹ́yìn ilé wa tí kì í fi ọ̀rọ̀ òrìṣà ṣeré. Mo bu epo nínú ilé ìdáná wa, mo fi owó oúnjẹ ọ̀sán mi ra obì, mo gbé e lọ bá a. Ó wojú mi, ó ní, “Ṣé ìyá ẹ ló rán ẹ?” Mo ní òun ni. Nígbà tí màmá mi lọ sí ìpàdé àdúrà, ìyá arúgbó náà wá, ó fi obì àti epo náà bọ Ìyá Màpó nídìí ìkòkò kẹrin, ó sì lọ.

Ìkòkò náà mú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, màmá mi jó lọ síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́. Mò ń jó tẹ̀lé e, inú mi ń jó bí ẹni tó gbé ẹyin iná mì.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá arúgbó náà yà kí i. Ó ní, “Ìyàwó, o kú oríire. Obì tó o fi ránṣẹ́ yàn o, Ìyá Màpó ti gbà á.”

Màmá mi wò mí. Kò tú àṣírí irọ́ mi lójú àgbà. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó dúró kó lọ tán, ó wá di etí ìkòkò mú, ó dà á nù. Aṣọ tó ti rẹ kò tíì tó ìdajì. Mò ń bẹ̀ ẹ́, mò ń sunkún. Ó ní, “Mo ti sọ fún Ọlọ́run pé bí aró mú, bí kò mú, tirẹ̀ ni mí. Kí ló dé tó o fẹ́ sọ mí di òpùrọ́?”

Ìkòkò karùn-ún kò mú. Ìkórè dé, àwọn ìyá ìjọ wọ aṣọ tí wọ́n rà lọ́jà, màmá mi jókòó sáàrin wọn, ó ń kọrin. Inú bí mi sí i, ó sì bí mi sí Ọlọ́run pàápàá. Ó pẹ́ gan-an kí aró wa tó tún mú.

Ayé ti yí. Lónìí, bí ìṣòro bá kan onígbàgbọ́ lówùúrọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti dé ìjọ mẹ́ta. Mi ò bú wọn, nítorí ara èmi náà kì í tètè balẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi ń ṣàìsàn, oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ní kí n ṣe. Àdúrà nìkan ni mo gbà, ó sì kú. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìsìnkú rẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan bi mí pé kí ni mo tún wá tọrọ. Mo ní mi ò wá tọrọ nǹkan kan, mo kàn wá ni.