Ọmọ Tí Kò Gbẹ Tó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ gbọ́ nínú ilé mi láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ọ̀rọ̀ náà ni "gbẹ". Pákí mi lè gbẹ lórí àpáta, aṣọ lè gbẹ lórí okùn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ènìyàn gbẹ. Oṣù méje ni àìsàn fi jẹ ọkọ mi lára kó tó gbé e lọ. Àwọn tó wá kí i á dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á rọra máa sọ fún ara wọn pé, "Baba yìí mà ti gbẹ o." Wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà, mo ti ń ṣe láfún ní Erunmu níbí, ṣùgbọ́n etí mi ò fẹ̀yìn tì.

Ẹ wá wo bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ tí àbígbẹ̀yìn mi, tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, jókòó sídìí abọ́ oúnjẹ rẹ̀, tó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iyọ̀ sí tèmi mọ́. Mo fẹ́ gbẹ."

Mo ní, "O fẹ́ kí ni?"

"Mo fẹ́ gbẹ ni, mà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká lọ díje."

Inú bí mi débi pé mo gbé abọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀. Ìgbà tí mo rántí pé ebi ń pa á ni mo tún gbé e padà.

Ọdún márùn-ún ló ti ń gbé irin. Ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó rọ sìmẹ́ńtì sínú agolo ńlá méjì, ó fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀, ó ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀ títí koríko ibẹ̀ fi kú. Nígbà tó yá, ó lọ wọ jímù kan ní Egbeda. Àyà rẹ̀ kún, ọrùn rẹ̀ nípọn, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń kí mi kú ìtọ́jú. Mo máa ń dá wọn lóhùn bí ẹni pé èmi gan-an ni mò ń gbé irin náà. Kí ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi bọ́ yó tó bẹ́ẹ̀ wá jókòó níwájú mi, kó ní òun fẹ́ gbẹ! Mo sọ fún un pé orí rẹ̀ ò pé.

Ó ń bá tirẹ̀ lọ. Adìyẹ sísè, ọ̀dùnkún àti funfun ẹyin ló ń jẹ. Èmi ni mò ń jẹ pupa ẹyin tó ń yọ sílẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ títí ó fi sú mi. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wọlé. Lọ́jọ́ kan tó bọ́ ẹ̀wù láti wẹ̀, mo rí egungun èjìká rẹ̀ tó yọ, ó yọ gẹ́lẹ́ bíi ti bàbá rẹ̀, mo sì wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Mo mọ ohun tí ìdíje náà jẹ́ fún un o. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni kò wọ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ó ti sọ fún mi pé bí òun ò bá wọ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kẹta yìí, òun á kó àwọn irin òun fún ẹni tó bá fẹ́, òun á gbájú mọ́ iṣẹ́ òun. Kò fi ṣeré. Tí kò bá fi ọ̀rọ̀ ṣeré, kì í wo ojú ènìyàn, kò sì wo ojú mi lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí. Iyọ̀ ni mo fi kan ahọ́n ọmọ yìí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ní kí ayé rẹ̀ dùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gbé oúnjẹ tí kò níyọ̀ fún un, bí ẹni tí dókítà ti fòfin dè? Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, mo fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀, mo sọ ọ́ sínú omi adìyẹ rẹ̀. Mo gbé abọ́ náà ka iwájú rẹ̀, mo jókòó tì í. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó gbójú sókè wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ó tẹrí ba, ó jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Gbọ̀ngàn kan lọ́nà Alakia ni ìdíje náà ti wáyé, lọ́sàn-án Sátidé. Èmi ni mo ní dandan, mo ń bá a lọ, kó má baà dákú kó má sẹ́ni tó máa gbé e. Olùkọ́ rẹ̀ ní jímù wá jókòó tì mí. Mo ń retí ìgbà tí wọ́n máa gbé irin wọlé. Nígbà tó pẹ́ jù, mo bi olùkọ́ náà léèrè pé irin náà dà.

Ó ní, "Màmá, wọn ò ní í gbé irin kankan níbí. Wọ́n ti gbé e tán nílé. Wọ́n kàn wá fi ohun tí irin ṣe sí wọn lára hàn ni."

Àwọn tó kọ́kọ́ jáde wọ pátá pénpé lásán, mo sì gbé ojú mi sílẹ̀ kíákíá. Ìgbà tí mo tún gbé e sókè, mi ò lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Ìpara dúdú àti òróró tí wọ́n fi pa ara mú kí wọ́n máa dán bí ìkòkò tuntun. Mo ti bímọ, mo ti wẹ ọmọ, mo ti tọ́jú aláìsàn, mo ti wẹ òkú ìyá mi. Mo rò pé mo mọ ara ènìyàn. Mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Mi ò mọ̀ pé iṣan tó wà lẹ́yìn ènìyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà. Ẹnu mi là, mo ní, "Olúwa, ìwọ lo ṣe gbogbo èyí, tí o wá fi awọ bò ó!"

Olùkọ́ náà ń ṣàlàyé fún mi. Ti àwọn oní-pátá yìí, láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ṣe ga tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n ibi tí kò gbọ́dọ̀ wúwo kọjá. Ti ọmọ mi ni ti àwọn tó ń wọ sòkòtò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Wọn kì í wo itan níbẹ̀. Èjìká tó fẹ̀ tó sì wá ń sún kì dé ìbàdí ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú bí ènìyàn ṣe dúró, bó ṣe rìn, àní bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá tóbi jù níbẹ̀, ó ti ṣẹ̀.

Nígbà tó kan tiwọn, ọmọ mi jáde pẹ̀lú nọ́ńbà nídìí sòkòtò, ó ń rẹ́rìn-ín. Adájọ́ méje jókòó sẹ́yìn tábìlì, kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ nínú wọn. Ẹnì kan ní, "Ẹ yí sápá ọ̀tún." Gbogbo wọn yí. "Ẹ yí sápá ọ̀tún." Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Gbọ̀ngàn náà pa rọ́rọ́, mo ń gbọ́ bàálù tó ń balẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú tó wà nítòsí. Wọ́n ní kí ẹni yìí kúrò, kí tọ̀hún bọ́ sáàárín, kí ẹni méjì dúró ti ara wọn kí ojú lè fi wọ́n wéra. Ohun tí èmi náà ń ṣe lórí àpáta nìyẹn! Mo máa ń mú pákí kan, mo máa ń wo iwájú rẹ̀, mo máa ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò pẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń sá pa mọ́ sí.

Obìnrin kan gba ìwé lọ́wọ́ àwọn adájọ́, ó ń kọ iye sí pátákó. Mo rí i pé iye tó wà níwájú nọ́ńbà ọmọ mi ju ti àwọn mẹ́ta tó wà lókè rẹ̀ lọ. Mo fò dìde, mo pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ náà rọra fà mí láṣọ.

"Ẹ jókòó, Màmá. Ipò ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe máàkì. Wọ́n á yọ ipò tó ga jù àti èyí tó kéré jù kúrò, wọ́n á ro ìyókù pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló ṣe ìkíní."

Èmi tíṣà, tí mo ti ro máàkì ọmọ ọlọ́mọ láìmọye ìgbà! Ọmọ mi ṣe ìkẹrin. Ipò kan ṣoṣo ló kù kó wọ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìdíje, àwọn tó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n kù sí tò lọ bá àgbà nínú àwọn adájọ́. Mo dúró sẹ́yìn ọmọ mi. Ọkùnrin náà ní, "Èjìká rẹ dára ju ti ẹni kẹta lọ. Ẹ̀yìn rẹ ló ṣe ọ́. O ò gbẹ tó."

Ẹ̀mí mi gbóná. Mo bọ́ síwájú. "Kò gbẹ tó báwo? Ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni?"

Ó tẹrí ba kí mi. "Ẹ má bínú, Màmá. Omi ni mò ń sọ. Omi ṣì wà lábẹ́ awọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò jẹ́ kí iṣan hàn. Iyọ̀ ló máa ń dá a dúró síbẹ̀. Ó jọ pé ó jẹ iyọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ mi ti dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀bi mi ni. Mo jẹ súyà."

A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, a kọjá Egbeda. Mo ní, "Ta ló jẹ súyà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò fẹnu kan iyọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, Màámi, bí wọ́n bá kàn dárúkọ rẹ̀ lásán, ahọ́n rẹ̀ á mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o wá jẹ ẹ́?"

Ó kọjú sí fèrèsé. "Nígbà tí Bàámi ò lè jẹun mọ́, ẹ máa ń jókòó ti abọ́ wọn títí oúnjẹ á fi tutù. Bí ẹ ṣe jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Mi ò lè dá abọ́ padà fún yín."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi dé Erunmu, àgbàlagbà ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ le bí irin tó máa ń jó pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Kò kó irin rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo ní tó bá kó wọn, kó kó èmi náà mọ́ wọn. Nígbà tí ìdíje tún kù sí dẹ̀dẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìkòkò kan náà ni mo ń sè fún àwa méjèèjì, láìfi iyọ̀ sí i. Kò dùn rárá, mi ò ní í purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje náà, mo ti wà lórí àpáta, mo ń yí pákí mi padà, nígbà tó dé pẹ̀lú báàgì léjìká, tó ní òun wá dágbére. Mo ní kó bọ́ ẹ̀wù.

"Níbí, Màámi?"

"Níbí ni. Kọjú sí mi. Yí sápá ọ̀tún. Tún yí."

Nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí mi, mo nu ọwọ́ mi sára ìró, mo fi ìka méjì mú awọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó fẹ́lẹ́, kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀ àfi iṣan. Egungun èjìká rẹ̀ yọ, ó yọ bíi ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ara náà gbóná, ó le, ó sì ń mí lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà, kò jáde. Mo tún gbìyànjú.

"O ti gbẹ," mo ní. "Máa lọ, kí o má baà pẹ́."