Ààwẹ̀ Tí A Gbà Gun Òkè Yìnyín

Obìnrin tí òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ni ìjọ wa dá lẹ́bi, títí di òní kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kí o má baà rò pé ìtàn ìgbafẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Tí mo bá di ojú báyìí, òórùn ilé tíì tí arìnrìn-àjò ń sùn sí lókè yẹn ṣì ń wá sí mi nímú: ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná nínú sítóòfù irin láàárín yàrá, ìbọ̀sẹ̀ tútù tí a sá yí i ká, àlùbọ́sà tó ń yòrò nínú bọ́tà ní ilé ìdáná. Àwa tí a jókòó ti iná yẹn kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti ọjọ́ tó kọjá. Obìnrin tí mo ń sọ yìí fi orí ti èjìká mi, ó ń mí kíákíá bí ọmọ tí ibà mú, olórí wa sì ń sọ fún wa pé iṣẹ́ ẹ̀mí ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Gbọ̀ngàn kan tí a ń yá lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ní Plumstead, ní London, ni ìjọ wa ti ń pàdé. Olórí ìjọ, ẹni tí tàgbà tèwe ń pè ní Daddy, bọ́ọ̀sì ló ń wà láti Woolwich sí Thamesmead ní ọjọ́ iṣẹ́. Tó bá di ọjọ́ Sunday, ó bọ́ aṣọ bọ́ọ̀sì, ó wọ sùtánà funfun, ohùn rẹ̀ a sì yí padà. Èmi ti gba oyè ní yunifásítì kí n tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ọlọ́fíìsì ni mo ń gbá ní Woolwich. Ẹni tó gbà mí sílé nígbà tí n kò ní ibi tí mo máa sùn ni obìnrin yìí. Nọ́ọ̀sì amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ní ilé ìwòsàn, ilé rẹ̀ wà ní Barnfield Estate, òun sì ni olórí àwọn obìnrin aládùúrà nínú ìjọ. Mummy ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ó fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tí ọmọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ní àkókò tí mo ń sọ yìí, ọmọ náà ti di ọ̀dọ́mọbìnrin, wọn kò sì fún un ní físà. Wọ́n ti kọ̀ ọ́ títí tí Mummy kò fi sọ ọ́ mọ́ nínú ẹ̀bẹ̀ ìjọ. Ó kàn máa ń ní, “Ẹ bá mi dárúkọ ọmọ mi.”

Ìwọ náà mọ àwa Aládùúrà. Ọ̀ràn tó bá ti le bíi ti físà yẹn, orí òkè là ń gbé e lọ. Ní ìlú yìí, òkè tí a rí kò ju Shooters Hill lọ. A lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láàárín igi, a bọ́ bàtà, a ń gbàdúrà. Òyìnbó kan tó mú ajá rẹ̀ jáde dúró, ó wò wá, ó béèrè bóyá ẹgbẹ́ akọrin ni wá. Daddy ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ni ọkùnrin náà bá dúró kí a kọrin. A kọ orin mẹ́ta, ó pàtẹ́wọ́, ajá rẹ̀ gbó, ó lọ. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, Daddy ní, “Irú òkè wo lèyí? Òkè tí bọ́ọ̀sì ń gùn.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mummy fúnra rẹ̀ ló mú fọ́tò wá. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti lọ fi ẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn òkè ńlá ní Nepal, láti ilé tíì kan sí èkejì, pẹ̀lú amọ̀nà. Mummy rò pé kí Daddy kàn wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni. Daddy wo òkè funfun náà pẹ́, ó ní, “Mummy, ibi tí mo rí lójú ìran rèé.” Ọ̀rọ̀ bùṣe. Láàárín ọdún kan, àwa díẹ̀ tí a lè gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, sùtánà wa nínú àpò, bàtà tuntun tí kò tíì mọ ẹsẹ̀ wa lẹ́sẹ̀ wa.

Amọ̀nà tó pàdé wa níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣàlàyé fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa ló gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun kò gbọ́. Ó ní kí a máa jẹun dáadáa, kí a máa mu omi kódà tí òùngbẹ kò bá gbẹ wá, kí ẹni tí orí bá ń fọ́ má ṣe dákẹ́. Ó ní a máa dúró sinmi lójú ọ̀nà kí ara lè mọ afẹ́fẹ́ òkè, nítorí ẹni tó bá sáré gòkè, òkè á mú un. Ó ní àwọn onílé tíì kì í fẹ́ kí èèyàn sùn lọ́dọ̀ wọn láì jẹ oúnjẹ wọn, orí oúnjẹ ni wọ́n gbé ilé wọn lé. Daddy mi orí sí gbogbo rẹ̀, ó ní, “No problem.”

Àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ dùn, n kò ní parọ́. A rìn láàárín igi olódòdó pupa, a fi afárá tó ń mì sọdá odò, Mummy sì ń kí gbogbo ẹni tó bá gbé ẹrù kọjá pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” bí ẹni pé Òkè-Àdó ló wà. Àwọn náà á dá a lóhùn lédè tiwọn, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Lálaalẹ́, tíì tó dùn rinrin, ìrẹsì àti ẹ̀wà olómi. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ó ti pẹ́ tí mo ti rí obìnrin yìí tó sinmi kẹ́yìn.

Nígbà tí igi tán lójú ọ̀nà tó wá ku òkúta àti yìnyín, Daddy pè wá jọ, ó kéde ààwẹ̀ gbígbẹ. Ọjọ́ mẹ́ta, kò sóúnjẹ, kò sómi, ọjọ́ kẹta ni a ó wọ sùtánà, a ó bọ́ bàtà, a ó dúró lókè. Mo ní, “Daddy, amọ̀nà ní ká máa mu omi.” Ó ní, “Sister, òkè ilé wa ńkọ́? Ṣé a kì í gbààwẹ̀ lórí ẹ̀ ni?” Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wa wà, ẹnikẹ́ni tí kò bá jẹ́ Aládùúrà kò lè ṣe irú rẹ̀. Òkè ilé wa, èèyàn á jí gùn ún láàárọ̀, á gbààwẹ̀ lórí rẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ mọ́í-mọ́í. Èyí tí a wà lórí rẹ̀ yìí, èémí gan-an ló ń dín kù lára ẹni.

Obìnrin onílé tíì gbé ìrẹsì kalẹ̀ níwájú wa, a kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e wá, ó wá bá amọ̀nà jà lédè wọn. Amọ̀nà wá bi Daddy pé kí ló dé. Mo wà níbẹ̀, etí mi ló gbọ́ ọ. Daddy ní a ti jẹ oúnjẹ tiwa ní yàrá, ó ní gàrí ni.

Amọ̀nà ní, “Gàrí yẹn, ṣé ó ń fún èèyàn lókun?”

“Very strong,” Daddy dáhùn. “A ti mu omi pẹ̀lú ẹ̀.”

Kò sí gàrí kankan. Nítorí ìdáhùn yẹn, nígbà tí Daddy tún ní kí a má ṣe dúró fún ọjọ́ ìsinmi, pé ara wa le, pé àwa ti mọ òkè gígùn tipẹ́, amọ̀nà jiyàn díẹ̀, ó gbà. Kí ló fẹ́ ṣe? Àwọn tó jẹun tó sì mumi ló rò pé òun ń mú lọ.

Orí Mummy ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ó fi gèlè dì í pinpin. Lẹ́yìn náà ó ń bì, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tó lè bì. Nígbà tí a dé ilé tíì tó kẹ́yìn, tí mo sọ òórùn rẹ̀ fún ọ, kò lè rìn tààrà mọ́. Mo gbé ife omi sí i lẹ́nu, ó pa ètè dé. Ó wò mí, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí. Mo rò pé ó ṣì í sọ ni. Ó tún un pè, ó bi mí pé ta ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú.

Mo ní a gbọ́dọ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Daddy ní, “Ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ, Sister. Ẹ̀mí ń bá a sọ̀rọ̀, o ní ká gbé e sọ̀ kalẹ̀.” Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó da òróró sí i lórí, ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní gbàgbé. “Mummy, ẹ gbọ́ mi. Ẹnu ọ̀nà ọmọ yín lẹ dúró sí yìí. Tí ẹ bá yí padà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín tì í.” Mummy, tí kò mọ ibi tó wà mọ́, mọ ìyẹn. Ó mi orí pé òun kò ní yí padà.

Ni mo bá dìde lọ bá amọ̀nà nílé ìdáná, mo sọ òtítọ́ fún un. Kò bá mi jà. Ó wá wo ojú Mummy, ó ní kí ó na ìka tọ imú ara rẹ̀, ìka náà lọ sétí. Ó kọjú sí Daddy, ó ní, “O sọ fún mi pé ó ti mu omi.” Daddy ní ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Amọ̀nà ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Daddy ní àwọn kò lọ, ilẹ̀ ni àwọn yòókù ń wò. Àwọn èèyàn tí Mummy ti gbẹ̀bí fún, tí ó ti fi ìsinmi rẹ̀ jókòó tì lórí àìsàn! Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dìde. Amọ̀nà fi ọ̀já gbé e pọ̀n, bí a ṣe ń gbé ọmọ, mo mú àpò rẹ̀, a jáde. Bí a ṣe ń lọ nínú òkúta, a ń gbọ́ orin wọn lókè, ohùn Daddy ló ga jù.

Ní abúlé ìsàlẹ̀, níbi tí igi ti tún bẹ̀rẹ̀, a fún un lómi díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà tíì oníṣúgà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Ó wo òrùlé, ó wò mí, ó fi orúkọ mi gan-an pè mí.

“Ṣé mo ti mu omi?”

“Ẹ ti mu ún, Mummy.”

“Ìwọ lo fún mi?”

“Èmi ni, mà.”

Ó kọjú sí ògiri.

Ní ìsìn ìdúpẹ́ ní Plumstead, Daddy jẹ́rìí pé òkè mọ àwọn tirẹ̀, pé ẹnì kan wà láàárín àwọn tó lọ tí ó wẹ̀yìn. Kò dárúkọ. Kò ní láti dárúkọ, gbogbo orí ló yí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe olórí àwọn obìnrin. Nígbà tí wọ́n tún kọ físà ọmọ náà, Daddy àti alàgbà kan wá sí Barnfield wá kí Mummy. Mo ń dín ẹja lọ́wọ́ nílé ìdáná, mo gbọ́ wọn. Alàgbà ní, “Mummy, a kò bú yín o. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ibi tí ilẹ̀kùn ti bàjẹ́.” Mummy ní, “Mo mọ̀, sà.” Wọ́n jẹ ẹja náà.

Mo lọ bá Daddy lẹ́yìn ìyẹn. Mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ: irọ́ tó pa fún amọ̀nà, ọjọ́ ìsinmi tó fò, omi tó kà léèwọ̀ fún ẹni tó ń ṣìwèrè. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo tún lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní kí ló dé tí mo ń hú òkú ọ̀rọ̀. Ọmọ náà kò wá sí London rárá. Ó lọ́kọ sí Ìbàdàn, ó bímọ, fọ́tò ni ìyá rẹ̀ fi ń mọ̀ wọ́n. Ìjọ ti ra ilé tirẹ̀ nítòsí Yarnton Way, Daddy ti gba oyè tó gùn. Mummy ti di arúgbó ní Thamesmead, ó ṣì ń lọ sí ìjọ náà, ìjókòó ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Tí mo bá lọ kí i, tí a ti sọ ti òjò àti ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún tán, ó máa ń bi mí pé, “Tí mo bá ti fara dà á díẹ̀ sí i ńkọ́?” Mo ti dá a lóhùn títí, ó ti rẹ̀ mí. Ohun tí ìrìn yẹn wá já sí fún mi nìyí: wọ́n lè gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ láàyè láti orí òkè, kí àwọn èèyàn rẹ̀ má sì jẹ́ kí ó délẹ̀ láéláé.

Nítorí náà, Daddy, àti ẹ̀yin alàgbà tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ wolẹ̀, èmi kọ́ ni ó yẹ kí ó máa dá a lóhùn. Kí ló dé tí ẹ fi sọ fún amọ̀nà pé ó ti mu omi? Ta ló sọ fún yín pé ọwọ́ obìnrin yìí ló ti ilẹ̀kùn tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tì nínú ọ́fíìsì físà nílé wa lọ́hùn-ún? Iwájú ìjọ lẹ ti dá a lẹ́bi. Mo fẹ́ kí ẹ dúró síwájú ìjọ náà, kí òun jókòó, kí ẹ wí fún un pé kò pàdánù ọmọ rẹ̀ nítorí ife omi kan. Ó ṣì ń gbọ́ràn dáadáa. Ìgbà wo lẹ máa wí i?