Lọ́fíńdà Tí Ìyá Àgbà Gbọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì ń fi etí ìró ìyá mi nu imú, òórùn dídùn ló ń bà mí lẹ́rù ju ohunkóhun lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sá fún òkùnkùn, wọ́n ń sá fún ajá dígbòlugi, wọ́n ń sá fún tíṣà tí ẹgba kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi, bí nǹkan bá ti ta sánsán lásán, mo ti bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ sún mọ́ mi kí n sọ ohun tó fà á fún yín.

Ní Igbó-Ọrà tiwa, lásìkò tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, òórùn èèyàn kì í purọ́. Òórùn ewéko tútù ló wà lára àgbẹ̀, òórùn èéfín lára ẹni tó ń yan gaàrí, òórùn ọṣẹ dúdú lára ọmọ ilé ìwé, bí ìyá rẹ̀ bá rí i mú wẹ̀. Lọ́fíńdà, àwọn tó bá ti Mẹ́kà dé ló ni ín, àti àwọn ìyàwó ọ̀gá tó bá fi mọ́tò gba ìlú kọjá. Bí irú òórùn bẹ́ẹ̀ bá gba iwájú ilé lọ, tọmọdé tàgbà ni yóò yọjú wá wo ẹni tó ni ín.

Ìyá àgbà tí mò ń sọ yìí ni ìyá tó bí bàbá mi. Ojú rẹ̀ ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi. Yàrá rẹ̀ ni mò ń sùn, èmi ni mò ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì máa ń pè mí ní "Ojú mi". Ojú ló fọ́ o, imú ò fọ́. Imú yẹn le! Ó ń mọ ẹni tó wọlé kí onítọ̀hún tó kí i, ó sì ń mọ ọmọ tó yọ ẹran nínú ìṣasùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣòfófó.

Bàbá àgbà ti kú nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi. Ó lọ sí Mẹ́kà nígbà ayé rẹ̀, ó sì mú ìgò lọ́fíńdà kékeré kan bọ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ tó kú, Ìyá àgbà bá wọn wẹ̀ ẹ́, nítorí ẹ̀sìn wa gba aya láyè láti wẹ ọkọ rẹ̀, òun ló sì fi lọ́fíńdà náà pa á lára kí wọ́n tó fi aṣọ funfun dì í. Kò ríran, ọwọ́ ló fi ń wá iwájú orí rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń sọ ìtàn yìí fún mi bí àwọn yòókù ṣe ń sọ ìtàn ìjàpá fún ọmọ wọn.

"Olówó orí mi ò ní jẹ́ kí n dá rin ọ̀nà yẹn," ó máa ń wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ wá mú mi, òórùn yẹn ni màá kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tí ọjọ́ bá pé fún nìkan ló sì ń gbọ́ ọ."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, torí òun ló fẹ́ pa mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ aránṣọ tán ní Èrúwà nígbà náà, ó ti padà wálé, ó ń ránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà. Ó rẹwà, ó sì mọ̀ pé òun rẹwà. Bàbá wa náà mọ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí bàbá sùn dáadáa. Ó ti kìlọ̀ fún un lójú gbogbo wa pé ọmọbìnrin tó bá ń kun lọ́fíńdà nígbà tí kò tíì wọlé ọkọ, ọkùnrin ló ń pè. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá gbọ́ ọ lára rẹ̀, iṣẹ́ aránṣọ tán nìyẹn, ilé ọkọ tí òun bá yàn fún un ló ń lọ. Bàbá wa kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dà nù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àílà, èmi àti Ìyá àgbà ń sùn. Yàrá rẹ̀ ò ní fèrèsé, ìlẹ̀kùn méjì ló ní, ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé. Òórùn kan ló jí mi. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé mi. Ó dùn, ó wúwo, ó kún inú yàrá náà débi àjà, àfi bí ẹni pé ọba kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Mo wo ìlẹ̀kùn méjèèjì, mi ò rí ẹnì kankan. Mo wo Ìyá àgbà, ó ti dìde jókòó, ó gbé imú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn rárá.

"Ojú mi," ó ní, "ṣé o gbọ́ ọ?"

Mo fi ìbora borí. Ó ké sí ìyá mi tó ń yan gaàrí lẹ́yìnkùlé. "Ìyàwó! Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?"

"Kí ni, Ìyá?" ìyá mi dáhùn láti inú èéfín. "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o!"

Ẹ wo bí èdè wa ṣe rí. Etí la fi ń gbọ́ ariwo, imú la fi ń gbọ́ òórùn, gbígbọ́ kan náà ni. Ìyá mi rò pé ariwo ni wọ́n ń bi òun, bóyá ewúrẹ́ ló ké tàbí ọmọ ló ṣubú, imú tirẹ̀ sì ti kún fún èéfín láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa là á yé èmi ọmọdé? Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ìyá àgbà gbọ́ ọ, èmi gbọ́ ọ, ìyá mi ò gbọ́ ọ. A jẹ́ pé àwa méjèèjì ni ọjọ́ pé fún. Jìnnìjìnnì bò mí láti orí dé àtàǹpàkò.

Kò pẹ́ tí òórùn náà fi tún dé, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oorun gbé wa lọ. Ó tún dé lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá àgbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀, ó ní kí n tẹ́ ẹní òun kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ń bá Bàbá àgbà sọ̀rọ̀ lójúmọmọ: "Ẹ rọra máa bọ̀, olówó orí mi, mo ti ń múra." Lẹ́yìn náà ló kọ oúnjẹ. Wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, ó ní kí wọ́n gbé e padà. Wọ́n gún iyán, ó ní ẹni tó ti ń gbọ́ ìpè kì í bọwọ́ ọbẹ̀. Omi díẹ̀ nìkan ló ń fi rẹ ètè.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Tí mo bá wà nílé ìwé, ara mi a balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí agogo bá ti lù pé ká máa lọlé, mo máa ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ́nà ni. Èmi náà ò lè jẹun mọ́. Mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo gbà pé bí ọmọdé bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú, ó ti dá a lóhùn nìyẹn. Bàbá àgbà gan-an ni mò ń bẹ̀ ní kọ̀rọ̀: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì kéré, ẹsẹ̀ mi ò lè rin ọ̀nà tó jìn.

Bàbá wa pe àwọn alùfáà, wọ́n ka Kùránì, wọ́n fún Ìyá àgbà ní omi àdúrà. Wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Ayétẹ̀. Bàbá náà dé, ó fọwọ́ kan apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì jáde lọ sunkún lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin yọ aṣọ funfun tí Ìyá àgbà ti fi pamọ́ sínú àpótí látọjọ́, ó sá a sóòrùn. Ó fi apá wọ̀n ọ́n, ó ní aṣọ náà gùn ju ti Ìyá lọ, yóò ṣẹ́kù.

Yóò ṣẹ́kù! Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń wo aṣọ náà bó ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́, mo sì mọ ẹni tí àṣẹ́kù rẹ̀ wà fún. Mo sá lọ forí pamọ́ sẹ́yìn àwọn àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbé òkúta lé kí omi wọn lè ro.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi bá mi nígbà tó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi iṣẹ́. "Kí ló dé tó o fi ń gbọ̀n báyìí?" ó ní, ó sì gbé mi mọ́ra. Òórùn náà bá bú jáde lọ́rùn rẹ̀.

Mo figbe ta. "Àǹtí mi, wọ́n ti ń bọ̀ wá mú ẹ̀yin náà!"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ta ló ń bọ̀ wá mú òun. Mo rò ó fún un tẹkúntẹkún, òórùn tí àwa méjèèjì ń gbọ́, Bàbá àgbà tó ń bọ̀, aṣọ tí yóò ṣẹ́kù. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó lulẹ̀ sínú omi ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ fún òde. Kẹ́míìsì kan ní Èrúwà ló ti ra lọ́fíńdà náà, ìgò kékeré kan tó wà láàrin oògùn ibà àti oògùn ikọ́, ohun tí owó rẹ̀ ò ju agbára aránṣọ lọ, ṣùgbọ́n tí òórùn rẹ̀ jọ ti olówó. Ìsàlẹ̀ ìkòkò àlòkù kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn Ìyá àgbà ló ń fi í pamọ́ sí. Ó máa ń yọ́ wọlé lẹ́sẹ̀ lásán tí a bá ti sùn, á kùn ún, á gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí Bàbá wa tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ má baà gbọ́ ọ. Ó rò pé nígbà tí Ìyá ò ríran, àṣírí òun bò.

"Mo ti pa Ìyá," ó ń wí ṣáá. "Mo ti pa Ìyá."

Mo rí i tó ń wo ọ̀nà ṣáláńgá. Bó bá ju ìgò náà síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà á máa retí ẹni tí kò wá títí ebi yóò fi gbé e lọ. Ó dìde, ó fọwọ́ nu ojú, ó wọlé lọ mú ìgò náà. Àwọn èèyàn ti kún yàrá báyìí. Bàbá wa wà níbẹ̀, àwọn alùfáà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti bàbá Ayétẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó ṣí ìgò náà, ó fi í sọ́wọ́ Ìyá àgbà.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí."

Ìyá àgbà gbé e súnmọ́ imú. "Níbo lo ti rí ti olówó orí mi?"

"Tèmi ni, Ìyá. Kẹ́míìsì ni mo ti rà á. Èmi ni mò ń wá kùn ún níbí tí ẹ bá sùn."

"Láti Mẹ́kà kọ́?"

"Láti Mẹ́kà kọ́, Ìyá. Èrúwà ni."

Bàbá wa dìde fùú. Ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba, ó ń retí ìgbátí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti pariwo "Àlùhámúdù lílàáhì!", àwọn alùfáà ti ń dúpẹ́, bàbá Ayétẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín tòun ti omijé. Bàbá wa wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó padà jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ lọ́fíńdà fún ẹ̀gbọ́n mi mọ́ láyé. Ní tèmi, mo ń fò sókè níbi tí mo dúró sí. Mi ò ní kú! Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá mú mi.

Ìgbà náà ni mo wo ojú Ìyá àgbà. Láàrin ariwo ayọ̀ yẹn, òun nìkan ló dà bí ẹni tí wọ́n ti gbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ tán tí wọ́n tún ní kó sọ̀ kalẹ̀. Omi ń jáde lójú tó ti fọ́ látọjọ́.

"A jẹ́ pé wọn ò wá," ó wí jẹ́ẹ́. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

Ó mu ẹ̀kọ lọ́jọ́ náà, torí ẹ̀gbọ́n mi ń bu ú sí i lẹ́nu, ó ń sunkún, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Ó tún pẹ́ láyé dáadáa. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ọkọ tó fẹ́ràn, ó sì fọwọ́ wo ojú àkọ́bí rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ó fi lọ, mi ò gbọ́ kó bá olówó orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ọlọ́kadà ń ta sánsán, ẹni tó ń gbé bíríkì ń ta sánsán, àwọn ọmọ ilé ìwé ń fín in sára nínú kíláàsì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé olówó nìkan ló ni imú? Kò sẹ́ni tó tún ń yọjú lójú fèrèsé láti wo ẹni tó ń kọjá lọ, òórùn ò sì sọ nǹkan kan fún èèyàn mọ́ nípa ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bàbá yín, olówó orí tèmi, ti lọ, ó sì ti ń pẹ́. Mo ti dàgbà tó Ìyá àgbà ti ìgbà náà, bóyá mo tilẹ̀ jù ú lọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti pé ẹnì kan á wá mú mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé n ó jí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, n ó gbé imú sókè, inú mi á dùn, kí ọ̀kan nínú yín sì wá sọ fún mi pé láti kẹ́míìsì ni.